Kírísítà Inú Ààrò Bàbá Bùsúyì

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí físíìsì ní yunifásítì tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè. Iṣẹ́ mi ni kí n tọ́jú irinṣẹ́, kí n tún èyí tó bàjẹ́ ṣe, kí n sì ti ilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́. Oyètọ́lá ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n ìtàn yìí kì í ṣe tèmi. Ìtàn Adépéjú ni, àti ti bàbá kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó tí kò kàwé kọjá ìwé mẹ́fà.

Òkè-Sópẹ̀n ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n ti bí Adépéjú. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, òun náà ló sì ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tí wọ́n ń lọ. Nígbà tó lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé ní òkè òkun, kò sí ẹni tó rò pé yóò padà. Ó padà. Àpótí méjì ló gbé wá: aṣọ wà nínú ọ̀kan, dígí kéékèèké tó fi táwẹ́lì wé lọ́kọ̀ọ̀kan ló kún inú èkejì. Mo fi ọdún mẹ́sàn-án jù ú lọ. Ó máa ń pè mí ní Bọ̀ọ̀dá Oyè, èmi náà a sì máa pè é ní Dókítà, nítorí ó tọ́ sí i.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ lé lórí kò tóbi ju kóró ṣúgà kan lọ. Kírísítà ni, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí omi ọsàn, ó sì mọ́ gaara. Síńkì àti sẹlẹ́níọ̀mù ni wọ́n fi ṣe é. Ó wà lára àwọn ohun tí kì í gbé iná mànàmáná kọjá tán, tí kì í sì í dí i lọ́nà tán, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe inú fóònù. Bó ṣe wà yẹn, kò lè dá ìmọ́lẹ̀ kankan mú jáde. Ṣùgbọ́n bí a bá lè fi ìwọ̀nba króòmù, irin kan tó ń dán, wọ inú rẹ̀, tí kò ju ẹyọ kan láàárín ọ̀kẹ́ mélòó kan lọ, yóò di ohun tí a lè fi ṣe lésà, irinṣẹ́ tó ń ta ìmọ́lẹ̀ tóóró lọ tààrà. Ìmọ́lẹ̀ tó máa ń mú jáde kì í ṣe èyí tí ojú lè rí. Ó wà lẹ́yìn pupa, níbi tí ojú ènìyàn ti dẹ́kun àtiríran tí awọ ara sì bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ooru lára. Ní ìhà ibẹ̀, gáàsì kọ̀ọ̀kan ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ tó máa ń gbé mì. Bí a bá ran ìmọ́lẹ̀ náà la afẹ́fẹ́ kọjá, tí díẹ̀ bá sọnù lójú ọ̀nà, ibi tó ti sọnù ni yóò sọ orúkọ gáàsì tó gbé e mì fún wa.

Gáàsì kan pàtó ni Adépéjú ń wá. Àǹtí Ìbíkẹ́, àbúrò ìyá rẹ̀, ń yan ẹja ní Ìbíàdé. Ní ìgbà òjò kan, Ọ̀rẹ́dọlá tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wọ ilé ìyanja láàárọ̀, ó sì bá Àǹtí Ìbíkẹ́ nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Kò sí èéfín nínú ilé náà mọ́. Ẹja ò jóná. Ẹ̀yinná ló kù nísàlẹ̀ ààrò. Wọ́n gbé wọn lọ sí ọsibítù, ó sì gbà wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó mọ ibi tí wọ́n wà dáadáa. Àwọn kan ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, àwọn kan ní ebi ni, àwọn mìíràn ní ọwọ́ ayé ni. Dókítà ọsibítù ní gáàsì kan tí kò ní òórùn, tí kò sì ní àwọ̀, ló wọ ẹ̀jẹ̀ wọn. Àǹtí Ìbíkẹ́ padà sídìí iṣẹ́ wọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí iṣẹ́ náà ni wọ́n fi ń jẹun. Láti ọjọ́ yẹn ni Adépéjú ti sọ fún mi pé òun fẹ́ ran ìmọ́lẹ̀ kọjá nínú ilé yẹn láti ògiri dé ògiri, kí òun mọ ibi tí gáàsì náà máa ń jókòó sí.

Kírísítà méjì péré ni ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ fi ránṣẹ́ sí i láti òkè òkun. Bí a ṣe ń fi króòmù sí i nìyí: a ó kó kírísítà náà àti ìyẹ̀fun króòmù sínú páìpù gíláàsì kan tó lè gba ooru púpọ̀, a ó fi pọ́ńpù fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, a ó fi iná lẹ ẹnu rẹ̀ pa, lẹ́yìn náà a ó gbé e sínú ooru tó sún mọ́ ẹgbẹ̀rún kan lórí òṣùwọ̀n fún ọjọ́ mẹ́jọ. Króòmù yóò máa rìn wọ inú kírísítà náà díẹ̀díẹ̀, bí àwọ̀ aró ṣe ń wọ òwú. Ooru náà kò gbọdọ̀ fò sókè, kò sì gbọdọ̀ já lulẹ̀.

Èmi ni mo lẹ ẹnu páìpù àkọ́kọ́, mo sì gbé e sínú ààrò oníná tí a ní. Ọjọ́ mẹ́ta lọ láìsí wàhálà. Ní ọjọ́ kẹrin, ìjì kan jà ní ọ̀sán, igi ńlá wó lu wáyà iná lójú títì, ìkángun ìlú sì ṣókùnkùn. Jẹnẹrétọ̀ wa ṣiṣẹ́ fún wákàtí díẹ̀, ó sì kú. Ohun tó gbóná tó bẹ́ẹ̀ tutù lójijì. Nígbà tí mo ṣí ààrò náà lọ́jọ́ kejì, páìpù ti sán, kírísítà ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí iyọ̀.

N kò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún un. Mo gbé e fún un nínú abọ́. Ó wò ó, ó gbé abọ́ náà sílẹ̀, ó ní kí n jókòó. Ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo ti rí olùkọ́ tó mọ̀wé lọ́pọ̀lọpọ̀ láyé mi. Àwọn tí mo rí tí iṣẹ́ oṣù márùn-ún fọ́ lójú wọn, tí wọn kò wá ẹni tí wọn yóò dà á lé lórí, kò pọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn èyí ló ní kí n bá òun lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ìlú pákó ni ìlú yẹn, gbogbo ènìyàn ló mọ̀. Sọ́mìlì kan wà lójú ọ̀nà Ìlápòrú, níbi tí wọ́n ti ń fi ooru gbẹ pákó. Bàbá Bùsúyì ló ń ṣọ́ iná ibẹ̀ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Kí wọ́n tó dé ibẹ̀, bíríkì ni wọ́n ń sun. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni wọ́n, ènìyàn tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n máa ń fún ojú pọ̀ díẹ̀ bí ẹni tó ń wo ohun tó jìnnà. Adépéjú ti mọ̀ wọ́n láti kékeré, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni ìyá rẹ̀ ti máa ń ra èédú.

Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó sì ṣàlàyé ohun tó bá wa. Ó ya páìpù náà sórí ilẹ̀ fún wọn. Ó sọ ti ọjọ́ mẹ́jọ. Bàbá Bùsúyì gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìdá sí i, wọ́n wá bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

"Ṣé o fẹ́ kó gbóná ni, àbí o fẹ́ kó gbóná bákan náà?"

Adépéjú wò mí, ó wò wọ́n. Ó ní, "Bákan náà ni, Bàbá."

Wọ́n ní iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò sì mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Wọ́n ní kí a padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Ohun tí a bá nígbà tí a padà dé, mo ṣì lè yà á títí di òní. Wọ́n ti fi amọ̀ mọ àpótí kan tí ògiri rẹ̀ nípọn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì, wọ́n sì ti sun ún. Wọ́n kó iyanrìn odò tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ sínú rẹ̀, pé inú iyanrìn náà ni páìpù wa yóò sùn sí, kí ahọ́n iná má bàa fọwọ́ kàn án. Wọ́n mọ ààrò yí àpótí náà ká, wọ́n sì fi ihò kan sílẹ̀ tí wọ́n lè máa yọjú wo inú rẹ̀, tí ìdérí amọ̀ bò. Lẹ́búlẹ́bú pákó tí sọ́mìlì ń dà nù ni wọn yóò máa dà sí i, fáànù kékeré tó ń lo bátìrì mọ́tò yóò sì máa fẹ́ ẹ. Wọ́n ti ya lẹ́búlẹ́bú náà sọ́tọ̀ sínú àpò ní oríṣi mẹ́ta. Wọ́n ní ti àràbà máa ń gbé iná sókè kíá, kì í sì í pẹ́. Ti ìrókò máa ń dúró. Ẹ̀kẹta tí wọ́n kò dárúkọ igi rẹ̀ fún wa ni wọ́n fi ń tún un ṣe láàárín àwọn méjèèjì.

Mo ti wáyà òṣùwọ̀n ooru bọ inú iyanrìn náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù. Bàbá Bùsúyì gbàdúrà, wọ́n sì tan iná. Ọjọ́ kan gbáko ni wọ́n fi gbé e sókè, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Adépéjú fẹ́ ẹgbẹ̀rún dín mẹ́tàdínlógójì. Ó kọ ọ́ sára pákó pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì pé 963. Èmi, òun àti Moyinolúwa, ọmọ Bàbá Bùsúyì obìnrin tó ń ránṣọ ní Ojówó, la pín iṣẹ́ náà láàárín ara wa, ṣùgbọ́n bàbá yìí kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò nídìí rẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹní sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ ìsìn pé, Moyinolúwa ló lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ipò bàbá rẹ̀. Bàbá ṣe ìsìn tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́.

Ní ọjọ́ kejì ni mo ti kíyè sí ohun kan. Bàbá Bùsúyì a yọ ìdérí, wọn a wo inú ààrò, wọn a ní ó ń lọ sílẹ̀. Èmi a wo òṣùwọ̀n, òṣùwọ̀n á ní ó dúró. Tó bá tó ìṣẹ́jú mẹ́rin, márùn-ún, òṣùwọ̀n náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo ní èèṣì ni. Nígbà tó di ìgbà keje, mo pe Adépéjú wá wò ó. Ó ní ó bọ́gbọ́n mu, pé iyanrìn máa ń pẹ́ kó tó gbọ́ ohun tí ògiri ti gbọ́. Ògiri ni Bàbá ń wò. Àwa ń wo iyanrìn.

Ní ọjọ́ karùn-ún, wáyà òṣùwọ̀n náà jóná. Nọ́ńbà kan hàn tí kò ní ìtumọ̀, lẹ́yìn náà kò sí nǹkan kan lójú rẹ̀ mọ́. A kò ní òmíràn. Adépéjú pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ìbàdàn tó ní irú rẹ̀, ó sì ní láti lọ gbà á fúnra rẹ̀. Kó tó lọ, ó dúró níwájú Bàbá Bùsúyì, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà ṣòro fún un láti sọ. Kírísítà tó kù wà nínú iná, kò sì sí irinṣẹ́ kankan tó ń ṣọ́ ọ. Ó bi wọ́n bóyá kí a pa iná náà díẹ̀díẹ̀, kí a tún bẹ̀rẹ̀ nígbà mìíràn.

"Máa lọ," ni Bàbá Bùsúyì wí. "Ìwọ ni o nílò wáyà yẹn. Ojú ni mo ti ń lò látẹ̀yìnwá."

Wákàtí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló kọjá kó tó padà. Ní gbogbo àkókò yẹn, bàbá yìí kò sọ̀rọ̀ tó gbólóhùn mẹ́wàá. Wọn a wo inú ààrò, wọn a bu ìkúnwọ́ ìrókò, wọn a dín fáànù kù. Ìgbà kan wọ́n ní kí n wá wò ó, pé ó yẹ kí ògiri náà dàbí èèpo ọsàn tó pọ́n délẹ̀; bó bá ti ń fara jọ inú ìbẹ́pẹ, ó ti pọ̀ jù. Mo wò ó. Iná ni mo rí.

Adépéjú dé ní ọ̀sán ọjọ́ kẹfà, eruku ọ̀nà wà lára rẹ̀. Mo ti wáyà tuntun náà bọ inú iyanrìn. A dúró kí nọ́ńbà náà fìdí múlẹ̀. Ó gun òkè, gun òkè, ó dúró ní 951. Ìyàtọ̀ méjìlá ló wà láàárín ohun tí a fẹ́ àti ohun tí ojú arúgbó kan gbé dúró fún odidi ọjọ́ kan àti díẹ̀. Ààrò oníná wa ní Àgọ́-Ìwòyè máa ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà mìíràn.

Adépéjú jókòó sórí pákó tó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Bàbá, ẹ kọ́ mi."

Wọ́n ní kó sún mọ́ ihò náà, kó fi ẹ̀yìn sí òṣùwọ̀n. Láti ìgbà yẹn títí di ọjọ́ kẹjọ, ọ̀mọ̀wé inú físíìsì jókòó ti ẹni tó ń ṣọ́ iná sọ́mìlì, ó ń sọ ohun tó rò pé ó rí, wọ́n sì ń tún un ṣe fún un. Ó ń ṣì í sọ. Kò tijú.

Ọjọ́ méjì ni a fi jẹ́ kí ooru náà lọ sílẹ̀. Nígbà tí mo fọ́ ẹnu páìpù náà, kírísítà tó bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ Adépéjú kì í ṣe aláwọ̀ ọsàn mọ́. Ó ti pọ́n dúdú bí oyin igbó, ó sì mọ́ gaara síbẹ̀. Kò sán níbì kankan. Moyinolúwa gbà á, ó gbé e sí oòrùn, ó ní ó wu òun láti fi ṣe yẹtí. A rẹ́rìn-ín, ara wa sì fúyẹ́.

Ìyẹn kì í ṣe òpin iṣẹ́ o. Ní yàrá ìwádìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Adépéjú fi ń to dígí síwájú àti sẹ́yìn kírísítà náà, tó ń yí wọn ní ìwọ̀n tí ojú kò lè mọ̀. Lésà kékeré mìíràn ló ń ta ìmọ́lẹ̀ sí i láti jí i. Lójoojúmọ́, abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ kì í mira. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo ń nu tábìlì lọ́wọ́ nígbà tí Adépéjú pè mí. Mo wẹ̀yìn. Abẹ́rẹ́ náà ti dìde, kò sì padà sílẹ̀.

Bàbá Bùsúyì ló kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí. Wọ́n wá pẹ̀lú Moyinolúwa, a fún wọn ní awò tí yóò dáàbò bo ojú wọn. Wọ́n wo gbogbo orí tábìlì, wọ́n ní àwọn kò rí ìmọ́lẹ̀ kankan. Adépéjú ní òun náà kò rí i. Ó mú bébà dúdú kan, ó gbé e sí ojú ọ̀nà ibi tí kò sí nǹkan kan lójú wa, àmì kékeré kan sì jó sára bébà náà, èéfín fẹ́lẹ́ kan yọ. Bàbá Bùsúyì gba bébà náà, wọ́n fi ìka kan àmì rẹ̀.

"Láti kékeré ni mo ti ń fi ojú mú iná," ni wọ́n wí. "Èyí ni àkọ́kọ́ tó bọ́ mọ́ mi lójú."

Ó tó oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà kí a tó lè gbé e jáde. Mo kan àpótí fún un, mo fi fóòmù tẹ́ inú rẹ̀ kí gbágungbàgun ọ̀nà má bàa yí dígí kankan, a sì gbé e lọ sí Ìbíàdé. Ní ilé ìyanja Àǹtí Ìbíkẹ́, a gbé lésà sí ẹ̀gbẹ́ kan, a fi dígí sí ògiri kejì kí ìmọ́lẹ̀ lè lọ kó sì bọ̀. Adépéjú bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yan ẹja bí wọ́n ṣe máa ń yan án, ṣùgbọ́n kí gbogbo wa dúró síta.

Èmi rò pé ìgbà tí èéfín bá ki ni gáàsì náà yóò pọ̀ jù. Àǹtí Ìbíkẹ́ àti Ọ̀rẹ́dọlá náà rò bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń sá síta nígbà tí igi ń rú èéfín, tí wọ́n sì ń wọlé wá sinmi nígbà tí èéfín bá lọ tán tí ẹ̀yinná sì kù, pàápàá bí òjò bá ń rọ̀, tí wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Ohun tí ìmọ́lẹ̀ wa sọ yàtọ̀. Nígbà èéfín, gáàsì náà wà níwọ̀n. Nígbà tí èéfín lọ, tí ilé mọ́ tí afẹ́fẹ́ sì dà bí èyí tó dára, ó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Igun tó pọ̀ sí jù ni igun tí àga Àǹtí Ìbíkẹ́ wà.

Adépéjú fi ìlà náà hàn wọ́n lójú kọ̀ǹpútà, ó ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àǹtí Ìbíkẹ́ wo àga wọn láti ẹnu ọ̀nà.

"Ibi tí mo ti ń simi nìyẹn," ni wọ́n wí.

Wọ́n wọ ilé, wọ́n gbé àga náà jáde, wọ́n sì gbé e sábẹ́ igi àgbọn. Kí ọjọ́ náà tó rọ̀, káfíńtà ti yọ pákó méjì lára ògiri ẹ̀yìn, nísàlẹ̀, ó sì ti ṣí ojú kan sókè ní òdìkejì. A tún ìdánwò náà ṣe lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ẹja mìíràn. Gáàsì náà kò tó ìdá kan nínú márùn-ún ohun tí a kà lánàá.

Nígbà tí Adépéjú kọ iṣẹ́ náà jáde nínú ìwé àwọn onímọ̀, orúkọ àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ṣọ́ iná náà ló wà lórí rẹ̀, ti Bùsúyì sì ni èkejì. Àwọn tó yẹ ìwé náà wò béèrè irú ààrò tí a lò. Ó kọ ojú ìwé kan gbáko lórí lẹ́búlẹ́bú pákó, kò sì dín nǹkan kan kù nínú rẹ̀.

Oṣù tó kọjá ni àwọn obìnrin Ẹfirè ránṣẹ́ pé kí a máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn náà. Ilé ìyanja mọ́kànlá ló wà létí ọ̀sà níbẹ̀. A kó àpótí wa, a sì mú ọ̀nà pọ̀n. Nígbà tí a dé, mẹ́jọ nínú ilé náà ti ní ojú tuntun lára ògiri ẹ̀yìn, igi tí wọ́n gé ṣì funfun. Àǹtí Ìbíkẹ́ ti ṣíwájú wa débẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan sẹ́yìn. Wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń fi ọwọ́ júwe ibi tó yẹ kí wọ́n gé fún káfíńtà. Adépéjú dúró lójú ọ̀nà pẹ̀lú àpótí náà lọ́wọ́, ó ń wò wọ́n, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà a wọ ilé àkọ́kọ́, a gbé lésà sílẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n.